Wọ́n Yọ Kọ́ọ̀pù Mi Kúrò Lórí Ìṣó

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìṣojú mi kòrókòró ló ṣe. Ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi, n kò gbọ́ ọ lórí rédíò, n kò sì kà á nínú ìwé kankan, torí ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá máa ru búlọ́ọ̀kù. Bí ẹnìkan bá wà ní Òkè-Ìlá, àdúgbò wa ní Adó, tó sọ fún yín pé bí mo ṣe sọ ọ́ kọ́ ló ṣe rí, ẹ bi í pé níbo ló wà nígbà tí mò ń wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde.

Bíríkìlà ni mí. Kì í ṣe irú àwọn bíríkìlà ayé òde òní tó ń fi okùn wọn ògiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mo bá di ojú kan, tí mo fi ìkejì wo ògiri, mo ti mọ ibi tó wọ́. Ìjàn-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Adó ni mo ti dọkùnrin, àwọn ilé tí mo kọ́ síbẹ̀, kò sí èyí tó sán. Àpò sìmẹ́ńtì kan lórí èjìká, ìkejì lábẹ́ apá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gun àkàbà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni àìsàn yìí mú. Ẹni tó bá ń sọ pé ebi àti òṣì ló ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, kó wá wo mí dáadáa.

Kí n tó dé orí ikọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ń jókòó sí, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe mí ní ohun tí mo fi ń kọ ìwé yìí.

Ìyá Sìkírù, obìnrin ará Ọ̀fà kan tó ti pẹ́ ní Adó, tó sì fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ló ń ta tíì àti kọfí nínú ìsọ̀ onípákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà àdúgbò wa. Bó bá ti kírun àsùbáà tán ló ń gbé kẹ́tùrù kaná. Búrẹ́dì wà níbẹ̀, ẹyin díndín wà, ṣùgbọ́n kọfí rẹ̀ lèmi ń bá lọ: dúdú, gbígbóná, ṣúgà díẹ̀, kó tó wá fi mílíìkì sí i nígbà tí mo bá mu ún dé ìdajì. N kì í sọ ọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń kọjá lọ, kọ́ọ̀pù oníke ni wọ́n fi ń mu tiwọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ni bẹ́ńṣì, oníkálukú ló ní kọ́ọ̀pù tánganran tirẹ̀, ó sì ní ìṣó tirẹ̀ lára pákó tó wà lẹ́yìn Ìyá Sìkírù. A kì í ra ìṣó yẹn, a kì í sì í tọrọ rẹ̀. Wàá kàn dé láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, wàá rí i pé ó ti kan ọ̀kan fún ọ. Lọ́jọ́ tó kan tèmi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú mi dùn. Mo kàn lọ sí Ọjà Ọba, mo ra kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kan tó tóbi ju ti gbogbo wọn lọ.

Bí mo bá ń bọ̀ láàárọ̀, kí n tó fo gọ́tà, Ìyá Sìkírù á ti na ọwọ́ sẹ́yìn láì wo ara pákó, á ti yọ kọ́ọ̀pù mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣé ẹnìkan wà nílé yín tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín? Ìyá Dúpẹ́ ìyàwó mi kò burú, ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé, ọ̀rọ̀ iléèwé àti ọ̀rọ̀ gáàsì ló fi ń kí mi káàbọ̀. Lórí bẹ́ńṣì yẹn, wọ́n ń bi mí nípa ògiri. Mo ti kọ́ ilé fún èèyàn púpọ̀. Bẹ́ńṣì Ìyá Sìkírù nìkan ni ilé tí n kò kọ́ tó jẹ́ tèmi.

Ẹni tó ń jókòó tì mí ni Sànyà káfíńtà. Bí mo bá mọ ògiri tán, òun ló ń kan òrùlé lé e. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti jọ ń ṣe é. Ìṣó tirẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi.

Á ní, “Bí kì í bá ṣe òrùlé mi, odò ni wọn ì bá máa pe ilé tí Bàbá Dúpẹ́ bá kọ́.”

Èmi náà á ní, “Bí kì í bá ṣe ògiri mi, orí igi ọ̀pẹ lo ì bá máa kan páànù sí, Sànyà.”

Gbogbo bẹ́ńṣì á bú sẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò sì sú wa.

Nínú ọyẹ́ kan ni Sànyà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, òun ló kọ́kọ́ wú u. Ó ní eruku pákó ni. Kò pẹ́ tí èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo ní eruku sìmẹ́ńtì ni. A wá ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa méjèèjì la ń jẹ iṣẹ́ wa lóúnjẹ. Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ikọ́ kò bá a lọ. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí lóru bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí, Ìyá Dúpẹ́ sì ń sá aṣọ ibùsùn láàárọ̀ bí ẹni tó ní ọmọ tó ń tọ̀ sílé. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ́ nídìí mi. Mo fi ìṣó lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì, mo tún lu òmíràn.

Ìyá Dúpẹ́ ní, “Bàbá Dúpẹ́, ẹ mà ń gbẹ.”

Mo ní, “Ìgbà wo lo rí bíríkìlà tó yọ ikùn? Jẹ́ kí n gbádùn.”

Ọjọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀, orí àkàbà ni mo wà, mò ń rẹ́ ògiri ilé onílé kan. Mo wúkọ́ sára ògiri, mo sì rí pupa. Mo wo ìsàlẹ̀, kò sí lébìrà tó ń wò mí. Mo fi ṣíbí mi bu sìmẹ́ńtì, mo fi bò ó, mo sì dán an. Ó wà lábẹ́ ọ̀dà ilé yẹn títí di òní. Ògiri náà gún.

Ìgbà yẹn ni àwọn ẹbí gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Adé, gbéra láti Ìjàn, ó jókòó sí iwájú mi, ó fi ẹnu Ìjàn rẹ̀ sọ pé, “Òjó, ukọ́ yìí kì í ṣe ukọ́ lásán. Ulé tí o ń kọ́ sẹ́yìn ulé bàbá wa n'Ìjàn, ojú àwọn ọ̀tá ò gbà á.” Ó gbé àgbo wá nínú ìgò. Nígbà tí èyí tán, ó gbé èyí tó korò jù ú lọ wá. Ìyá Dúpẹ́ ní òun kò fẹ́ àgbo nílé òun, àdúrà lòun fẹ́, òun náà sì gbé oyin àti orógbó àti òróró tí wọ́n gbàdúrà sí dé. Oníkẹ́mísì ìkóríta ta oògùn ikọ́ aláwọ̀ pupa fún mi, nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, ó ta aláwọ̀ ewé. Mo mu gbogbo rẹ̀. Mo ta ọ̀kadà mi kí n lè máa mu ún. Ìdí nìyí tí n kì í fi pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún àwọn tó ń gbé ìgò kiri ilé aláìsàn lónìí. Bí o bá gbé ìgò wá bá mi, wàá gbé e padà.

Ìyá Sìkírù ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wúkọ́ títí kọfí fi dà sí mi lára. Ó dúró wò mí.

Ó ní, “Ọ̀gá Bíríkìlà, mo ti gbọ́ irú ikọ́ yìí rí ní Ọ̀fà. Lọ sí ọsibítù ìjọba, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ wò.”

Inú bí mi. Mo ní, “Ṣé tíì lẹ̀ ń tà ni àbí oògùn?”

Ó ní, “Tíì ni mò ń tà. Òkú kì í sì í mu tíì.”

Mo lọ. Ẹni tí kò bá tíì jókòó lórí ìlà ọsibítù kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìwọ̀sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti débẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèyàn ti kún bẹ́ńṣì. Ẹni tó ń fún wa ní káàdì dìde lọ jẹun, nígbà tó dé, àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú ló kọ́kọ́ pè. Mo pariwo. Wọ́n ní kí bàbá fara balẹ̀. Mo ní ta ni bàbá wọn? Wọ́n ya àyà mi ní fọ́tò, wọ́n fún mi ní ike kékeré kan pé kí n kọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ itọ́. Nígbà tí èsì jáde, nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin tí kò ju Dúpẹ́ ọmọ mi lọ púpọ̀, pè mí wọ inú yàrá.

Ó ní, “Bàbá, tíbì ni, ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó gbóògùn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ níbí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dá a dúró títí oṣù mẹ́fà á fi pé.”

Ó tún sọ àwọn nǹkan mìíràn. Lóòótọ́, n kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí mò ń ṣàlàyé irú ẹni tí mo jẹ́ fún un, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ilé tó ń gbé. Ohun tó kẹ́yìn ni mo gbọ́ dáadáa: kí n ní kí gbogbo ẹni tó ń bá mi jókòó wá, kí wọ́n yẹ àwọn náà wò.

Èmi kì í fi nǹkan pamọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fo gọ́tà, mo dúró níwájú bẹ́ńṣì, mo sì sọ ọ́ sókè, mo ní tíbì ni, ó gbóògùn, kí gbogbo wa lọ ṣe àyẹ̀wò. Mo rò pé wọ́n á kí mi kú ewu.

Sànyà ló dìde.

“Ẹ gbọ́ nǹkan? Ó gbé àjàkálẹ̀ wá síbi tí a ti ń jẹun, ó sì tún ń yangàn!” Ó kọjú sí Ìyá Sìkírù. “Kọ́ọ̀pù rẹ̀ á kúrò lára pákó yẹn, àbí tiwa á kúrò.”

Mo ní, “Sànyà, ìwọ tí o ti ń wúkọ́ ṣáájú mi?”

“Eruku pákó ni tèmi! Má fi mí wé ara rẹ!”

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀kan gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ejò wà nínú rẹ̀. Ìyá Sìkírù wò wọ́n, ó wò mí, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láì wo ara pákó, bó ṣe máa ń ṣe, ó yọ kọ́ọ̀pù mi. Kò bu kọfí sí i. Ó fi í sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó dì í, ó nà án sí mi.

Tíbì kò pa mí lẹ́kún. Láílọ́ọ̀nù yẹn ló pa mí lẹ́kún. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà, tí ẹ ń wo ilẹ̀, mo mọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo jókòó sílé, mò ń lo oògùn. Kò pẹ́, mo tọ̀, ìtọ̀ mi pupa. Bọ̀ọ̀dá Adé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó figbe ta, ó ní, “N ò sọ fún ọ? Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni wọ́n ń fi oògùn ọ̀fẹ́ fà jáde! Ta ló ń fúnni ní nǹkan ọ̀fẹ́ ní ayé yìí?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo gbé oògùn náà sórí àjà, mo padà sórí ìgò rẹ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀, n kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Egungun ìhà mi, ọmọdé lè kà á.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ta ni mo rí nílẹ̀kùn? Ìyá Sìkírù.

Mo ní, “Kí lẹ wá ṣe? Ṣé ẹ wá wo òkú ni?”

Ó ní, “Mo wá wò ó bóyá o ti fọ kọ́ọ̀pù yẹn.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ dì í nínú láílọ́ọ̀nù?”

“Èmi ni. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Bí gbogbo wọn bá lọ, ṣé ìwọ nìkan á mu kẹ́tùrù kan tán? Má retí kí n bẹ̀ ọ́, n ò ní í bẹ̀ ọ́. Oògùn ọsibítù dà?”

Ìyá Dúpẹ́ nàka sí orí àjà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ pupa fún un. Àwọn obìnrin méjèèjì dì mí mú lápá, ó di ọsibítù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹn gbọ́, ó dìde dúró.

“Mo sọ fún wọn! Mo ní àwọ̀ oògùn ni, pé ìtọ̀ wọn máa pupa! Ọ̀rọ̀ ògiri ni wọ́n ń sọ fún mi!”

Kí ló dé tí kò pariwo bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́? Ẹ̀bi tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọ́n ní ó ṣì gbóògùn, pé orí ló yọ mí, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ Ìyá Dúpẹ́ àti Dúpẹ́ àti Ìyá Sìkírù wò, kò sí lára wọn. Nọ́ọ̀sì wá ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa wò mí láràárọ̀ bí mo ṣe ń gbé e mì. Ìyá Dúpẹ́ ní òun á ṣe é.

Ìyá Sìkírù ní, “Ìwọ? Bó bá jágbe mọ́ ọ, wàá sá wọ kíṣìnnì. Kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Èmi ò bẹ̀rù rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin bí èmi ṣe di ẹni tó ń jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ní òdìkejì gọ́tà, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èémí mi lọ sójú títì. Ìyá Sìkírù á bu omi sínú kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé tí mo bá gbé wá láti ilé, á dúró lé mi lórí.

“Gbé e mì. Ya ẹnu. Gbé ahọ́n sókè.”

Lójú gbogbo ayé. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, wọ́n ń wò. Lórí bẹ́ńṣì, Sànyà á patẹ́wọ́.

“Ìyá Sìkírù ti di nọ́ọ̀sì, bíríkìlà ti di ọmọ ọwọ́! Ẹ so bíìbù ìjẹun mọ́ ọn lọ́rùn!”

Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ikọ́ á gbé e, á dìde lọ sẹ́yìn ìsọ̀. Mò ń gbọ́ ọ láti orí korobá. Ẹni tí ikọ́ yẹn ti mú rí mọ ohùn rẹ̀. Mo gbé ahọ́n sókè láràárọ̀, mo sì gbé ìbínú mì pẹ̀lú oògùn. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń wò: ìṣó mi tó ṣófo lára pákó. Mo ní n kò ní í kú sórí korobá.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Ihò bẹ́líìtì tí mo fi ìṣó lu, n kò nílò rẹ̀ mọ́. Wọ́n yẹ̀ mí wò, nọ́ọ̀sì ní n kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n kí n lo oògùn dópin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Sìkírù gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi, ó fi omi gbígbóná ṣàn án, ó fo gọ́tà padà, ó sì gbé e kọ́ sórí ìṣó.

Sànyà ní, “Ìyá Sìkírù, bí ìyẹn bá wà níbẹ̀, èmi á mú tèmi lọ o.”

Ìyá Sìkírù na ọwọ́ sẹ́yìn, ó yọ kọ́ọ̀pù Sànyà, ó nà án sí i láì wojú rẹ̀. “Gbà. Lọ yẹ ikọ́ rẹ wò kóo tó gbé e padà wá.”

Ó gbà á, ó lọ. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Mo jókòó sí àyè mi. Mo mu kọfí dé ìdajì, mílíìkì sì dé láì jẹ́ pé mo sọ ọ́. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo rí Sànyà lẹ́yìn ìyẹn ní ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Ó wà lẹ́yìn òkìtì igi, ó ń wúkọ́, ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo mọ ìṣe yẹn. Èmi fi sìmẹ́ńtì bò ó, òun fi yẹ̀pẹ̀.

Mo ní, “Sànyà, mo rí i. Jẹ́ ká lọ. Ọ̀fẹ́ ni.”

Ó ní, “Kí n wá máa ya ẹnu lójú títì bí ìwọ? Èmi Sànyà?”

“Mo ya ẹnu, n ò kú.”

“Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Eruku pákó ni. Má sún mọ́ mi.”

Èmi àti Ìyá Sìkírù tún lọ sílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó ní ọkọ òun kò sí nílé. A ń gbọ́ ọ tó ń wúkọ́ nínú yàrá. Ọyẹ́ mìíràn kò bá a láyé. Níbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn ẹbí ń wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́nú pé bíríkìlà ló ti àìsàn rẹ̀ sí i lára kí òun lè yè. Bíríkìlà náà nìyí, mo dá yín lóhùn: yálà òun ló kó o ràn mí àbí èmi ni mo kó o ràn án, n kò mọ̀, ẹ̀yin náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn kan náà wà fún àwa méjèèjì. Ìtìjú ló pa ọkùnrin yẹn, ẹ̀yin lẹ sì bá a ti ilẹ̀kùn mọ́ ìtìjú náà.

Ìwọ tí o ń kà á, tí o ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí o ń sọ pé eruku ni, dìde. N kò bẹ̀ ọ́. Bí ìtọ̀ rẹ bá pupa, má sá. Ẹni tó bá gbé ìgò wá, kó gbé e padà. Wá ẹnìkan tí kò bẹ̀rù rẹ, kó máa wo ẹnu rẹ.

Mo lo oògùn dópin. Wọ́n ní ó ti kúrò lára mi. N kò lè gun àkàbà mọ́, àyà mi lápá òsì ń súfèé bí mo bá yára rìn. Mò ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mò ń fi ọ̀pá júwe fún àwọn lébìrà, ojú kan tí mo fi ń wo ògiri ṣì mọ èyí tó wọ́ ju okùn wọn lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kan òrùlé tọrọ ìṣó tó tẹ̀ lé tèmi lọ́wọ́ Ìyá Sìkírù láìpẹ́ yìí. Ìyá Sìkírù ní òun á kan òmíràn fún un.

Ohun tó lọ nìyí: ọ̀kadà kan. Ilé mi ní Ìjàn, tí ògiri rẹ̀ dúró sí ojú fèrèsé. Ìdajì èémí mi. Èèyàn méjì tí kò padà sórí bẹ́ńṣì. Káfíńtà kan.